Jig fún ẹja crappie: àyẹ̀wò orí òjé, ìrù àti àwọ̀ fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ fa ìwọ̀

Ẹni tó bá dúró síwájú ògiri tí wọ́n fi jig, ìwọ̀ olórí òjé tí ara rẹ̀ jẹ́ rọ́bà, irun tàbí ìyẹ́, kọ́ sí ní ṣọ́ọ̀bù ìpẹja ní Amẹ́ríkà, àwọ̀ ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ máa lọ bá. Ó pọ̀ lọ súà níbẹ̀, orúkọ oríṣiríṣi ni wọ́n sì sọ wọ́n. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó fẹ́ fi ọkọ̀ fa ìwọ̀ rìn lórí adágún, àwọ̀ ló yẹ kó gbẹ̀yìn nínú ohun mẹ́ta tó máa yàn. Ìwọ̀n òjé ló ṣáájú, torí òun ló ń pinnu bí jig ṣe máa jìn tó nínú omi. Ìrísí ara àti ìrù ló tẹ̀ lé e, torí kì í ṣe gbogbo ìrù ló ń jó lórí eré tí ọkọ̀ ń sá. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọ̀. Bí méjì àkọ́kọ́ bá bọ́ sí i, àwọ̀ lè sọ ọjọ́ ẹja méjì di ọjọ́ ẹja ogún. Bí wọn kò bá bọ́ sí i, kò sí àwọ̀ tó lè gbani.

Ara ẹja náà ni ìdí rẹ̀ wà. Ojú crappie, ẹja adágún kan ní Amẹ́ríkà, ga lórí, ẹnu rẹ̀ sì kọjú sókè, ohun tó ń kọjá lókè rẹ̀ ló máa ń dìde lọ gbé. Jig tó bá gba abẹ́ ikùn rẹ̀ kọjá, ó ṣọ̀wọ́n kó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. Bí ẹ̀rọ tó ń fi ẹja hàn bá sọ pé wọ́n wà ní ẹsẹ̀ bàtà 10, ẹsẹ̀ bàtà 8 tàbí 9 ni kí jig máa gbà, kì í ṣe 11. Oríṣi méjì ni ẹja yìí, funfun àti dúdú, ẹ̀gún líle tó wà lẹ́yìn wọn ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀: ti funfun sábà máa ń jẹ́ 5 tàbí 6, ti dúdú 7 tàbí 8. Funfun fara da omi rírú ju dúdú lọ, ọ̀rọ̀ yẹn á sì wúlò tí a bá dé orí àwọ̀.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà máa ń gbà fà á. Èkíní ni kí wọ́n to ọ̀pá gígùn, ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 16, síwájú ọkọ̀ bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn, kí okùn máa ta sísàlẹ̀ tààrà, kí ẹ́ńjìnnì oníbátìrì sì máa gbé ọkọ̀ lọ jẹ́jẹ́ ní máìlì 0.3 sí 0.8 ní wákàtí kan. Èkejì ni kí wọ́n ju okùn sẹ́yìn ọkọ̀, bí ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, kí ọkọ̀ máa fà á ní máìlì 0.8 sí 1.5. Adágún fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ èwo nínú méjèèjì ló yẹ. Reelfoot ní Tennessee, tí ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1811 sí 1812 dá sílẹ̀, kún fún kùkùté lábẹ́ omi. Ẹni tó bá ju okùn gígùn sẹ́yìn níbẹ̀, igi ló máa kó dípò ẹja. Weiss ní Alabama ní ibi tẹ́jú gbalasa tí omi rẹ̀ kò jìn, okùn gígùn sì ń ṣiṣẹ́ gan-an níbẹ̀. Jig tó dára fún ọ̀nà kan lè má wúlò rárá fún èkejì, ibẹ̀ sì ni owó ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣòfò.

Ìwọ̀n òjé mẹ́ta tó fún ẹnikẹ́ni: 1/32, 1/16 àti 1/8 áúnsì. Fún okùn gígùn, 1/16 ni iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù. 1/32 wà fún ìgbà ìrúwé tí ẹja bá sún mọ́ etí omi, tí wọ́n ń rìn ní ẹsẹ̀ bàtà 3 tàbí 4. 1/8 wà fún ìgbà ooru tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, tàbí ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ ń ti ọkọ̀ ju bó ṣe yẹ. Fún ọ̀pá aláǹtakùn, 1/16 kan ṣoṣo fúyẹ́ jù, okùn á máa sún sẹ́yìn, ẹni tó mú ọ̀pá kò sì ní mọ ibi tí jig wà mọ́. Ẹ lo 1/8, tàbí kí ẹ fi òjé 1/2 áúnsì sí okùn, kí jig kan wà lókè, òmíràn nísàlẹ̀, kí àárín wọn tó íńṣì 18 sí 24. Okùn tí agbára rẹ̀ jẹ́ pọ́ùn 4 sí 6 ló bá iṣẹ́ yìí mu. Okùn pọ́ùn 8 á lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó nípọn, omi á máa tì í sókè, jig tó yẹ kó gba ẹsẹ̀ bàtà 8 á wá máa gba 6 láì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Kò sí ohun tí wọ́n kọ sára páálí jig tó lè sọ jíjìn rẹ̀ fún yín. Ọkọ̀ yín, okùn yín àti eré yín ló máa sọ ọ́, ó sì rọrùn láti dán wò. Ẹ wá ibi tí ilẹ̀ abẹ́ omi ti tẹ́jú, tí kò ní igi, tí jíjìn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8. Ẹ ju okùn sẹ́yìn bí ẹ ṣe máa ń jù ú, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní máìlì 1.3, ẹ máa dín eré kù ní 0.1, kí ẹ lo ó kéré tán ìṣẹ́jú kan lórí eré kọ̀ọ̀kan kí jig lè rí àyè sọ̀ kalẹ̀. Tí orí ọ̀pá bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n pẹ́pẹ́ torí pé jig ń họ ilẹ̀, eré tí jig yẹn fi ń dé ẹsẹ̀ bàtà 8 nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n òjé, irú ìrù àti gígùn okùn. Ìrù ńlá máa ń gbé jig sókè ju ìrù kékeré lọ lórí òjé kan náà, nítorí náà ẹni tó bá pààrọ̀ ìrù ti pààrọ̀ jíjìn.

Lórí ọ̀rọ̀ orí òjé, orí roboto tó ní ẹ̀gún kékeré lọ́rùn láti di rọ́bà mú ni ìpìlẹ̀. Ẹ yan èyí tí ìwọ̀ rẹ̀ jẹ́ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, nọ́ńbà 4 fún 1/16, nọ́ńbà 6 fún 1/32. Tí ó bá há sí kùkùté, ẹ fà á díẹ̀díẹ̀, wáyà náà á nà, jig á sì jáde. Ẹ fi pílásì tẹ̀ ẹ́ padà. Èyí tí ẹ bá ti tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ jù ú nù, torí ìgbà kẹta lẹ́nu ẹja ńlá ló máa ń ṣẹ́. Ìwọ̀ tó nípọn kò dára fún ẹja yìí: awọ ẹnu crappie fẹ́lẹ́ bíi bébà, ihò tí ìwọ̀ ńlá bá dá á á máa fẹ̀ sí i títí ẹja á fi já bọ́.

Road Runner, jig ilé-iṣẹ́ Blakemore, yàtọ̀. Orí rẹ̀ dà bí orí ẹṣin, ewé irin kékeré kan sì rọ̀ sábẹ́ rẹ̀ tó ń yí bí omi ṣe ń gbá a. Lẹ́yìn okùn gígùn nínú omi tí kò mọ́, iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe, torí ẹja á gbọ́ ìgbọ̀n rẹ̀ lára kó tó rí i. Àbùkù méjì ló ní. Ewé irin náà máa ń gbé e sókè díẹ̀, nítorí náà ẹ má gbà pé jíjìn rẹ̀ bá ti orí roboto ìwọ̀n kan náà mu. Èkejì, fọ́nrán koríko kan ṣoṣo lè dá ewé irin náà dúró, ọ̀pá náà á sì máa rìn lófo. Ẹ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kí ẹ rí i pé ó ń yí kí ẹ tó jù ú sẹ́yìn. Fún ọ̀pá aláǹtakùn ní máìlì 0.3, ẹ fi owó yín pamọ́: eré yẹn kéré jù fún ewé náà láti yí dáadáa.

Ara jig ló wá kàn, ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí nìyí.

Rọ́bà oníìrù kíká, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Mister Twister sọ di mímọ̀, ni àyànfẹ́ fún okùn gígùn. Ìrù náà á máa fẹ́ lẹ́lẹ́ láti bíi máìlì 0.8 lọ sókè. Nísàlẹ̀ ìyẹn, ó kàn ń rọ̀ ni. Íńṣì 2 ló tọ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹja bluegill máa ń gé ìrù jẹ, ẹni tí kò bá yẹ ọ̀pá wò lè máa fa rọ́bà aláìnírù kiri fún wákàtí kan. Òmíràn ni pé ìrù lè ti ká gbọn-in nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í. Ẹ rì í sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á padà sí bó ṣe wà.

Rọ́bà tí ìrù rẹ̀ tẹ́ bí àjẹ̀ kékeré ni mo gbà pé ó dára jù fún ẹni tó fẹ́ ra ẹyọ irú kan. Crappie Slider oníńṣì 1.5 ti Charlie Brewer wà lára wọn. Kì í fi bẹ́ẹ̀ jó, ìrù rẹ̀ kàn máa ń gbọ̀n ni, ṣùgbọ́n ìgbọ̀n yẹn wà níbẹ̀ lórí eré kékeré àti ńlá, ó sì wúlò nígbà tí omi bá tutù tí ẹja kò fẹ́ lé ohun tó ń sáré. Stroll'R ti ilé-iṣẹ́ Bobby Garland, oníńṣì 2.5, jẹ́ ti fífà pọ́nńbélé. Ara rẹ̀ tóbi, ẹja wẹ́wẹ́ kì í dààmú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ẹja bá ń fẹnu kàn án lásán, òun ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ yọ.

Baby Shad ti Bobby Garland kan náà, oníńṣì 2, tí ìrù rẹ̀ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, jẹ́ ti ọ̀pá aláǹtakùn. Tó bá ń ta sísàlẹ̀ tí ọkọ̀ ń mì díẹ̀, ìrù yẹn á máa gbọ̀n bí ẹja wẹ́wẹ́ tó dúró sójú kan. Lẹ́yìn okùn gígùn ní máìlì 1.2, ó máa ń rìn gbọọrọ bí igi ìṣáná. Kì í ṣe pé kò ní pa ẹja, àwọn tó wà lókè yìí ló máa pa jù ú.

Rọ́bà oníhò, tí ìdí rẹ̀ ya sí fọ́nrán fọ́nrán, náà jẹ́ ti ọ̀nà jẹ́jẹ́. Orí òjé ni wọ́n ń tì wọ inú rẹ̀, kí ojú ìwọ̀ tí okùn ń gbà yọ síta láti ara rọ́bà. Imú rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ya. Lórí okùn gígùn, tí kò bá wọ̀ ọ́ gún régé, ó máa ń yí bí òkòtó, ó sì máa ń lọ́ okùn.

Irun àti ìyẹ́ ni àwọn ènìyàn ń gbójú fò, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní marabou lónìí, ìyẹ́ tòlótòló ni. Nínú omi tó ń rìn jẹ́jẹ́, ó máa ń mí sínú mí síta láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni fà á. Bí eré bá kọjá máìlì 1, ó máa ń lẹ̀ mọ́ra bí irun tó gba òjò. Irun àgbọ̀nrín le jù ú lọ, kò tètè lẹ̀. Tí omi bá ti sọ̀ kalẹ̀ ju dígírì Fahrenheit 50 lọ, kí irun wà lórí ó kéré tán ìdajì ọ̀pá yín. Bluegill kò lè gé e, jig onírun kan sì lè pa ẹja púpọ̀ kó tó bàjẹ́, nítorí náà owó rẹ̀ tó ga díẹ̀ kì í ṣe owó ńlá.

Ó wá ku àwọ̀. Ẹ wọn omi ná kí ẹ tó ṣí àpótí. Ẹ so jig funfun kan mọ́ okùn, ẹ rọra sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ níbi tí òjìji wà, ẹ wo ibi tí ojú yín ti pàdánù rẹ̀. Bí ó bá kọjá ẹsẹ̀ bàtà 4 kó tó pòórá, omi tòrò. Bí ó bá pòórá láàárín 1.5 sí 4, omi ṣú díẹ̀. Bí kò bá tó 1.5, omi rú.

Ìmọ́lẹ̀ kì í wọ omi tó tòrò àti omi tó rú bákan náà. Nínú omi tó tòrò, pupa ló kọ́kọ́ ń kú bí jíjìn ṣe ń pọ̀ sí i, jig pupa á wá dà bí dúdú. Nínú omi ẹrẹ̀ tàbí èyí tí ewé ti pọ́n bíi tíì, àwọ̀ aró ló kọ́kọ́ ń kú. Nítorí náà, jig aláwọ̀ aró tó ń dán lọ́wọ́ yín á di eérú lásán níbẹ̀, ṣùgbọ́n yẹ́lò, àwọ̀ ọsàn àti pupa á ṣì máa jáde. Èyí ló fà á tí chartreuse, àwọ̀ yẹ́lò tó ya sí ewé tútù tó ń tàn bí ẹ̀wù àwọn òṣìṣẹ́ ojú títì, fi jọba láàárín àwọn tó ń pa crappie: ó ń tàn nínú omi tó ṣú, kò sì burú nínú omi tó rú.

Omi tòrò: funfun bíi ikùn ẹja shad, ẹja wẹ́wẹ́ tí crappie ń jẹ, ni kí ẹ wá, tàbí aláwọ̀ èéfín tí ẹ ń rí òdìkejì rẹ̀, tí wínníwínní fàdákà wà nínú rẹ̀. Àwọ̀ Monkey Milk ti Bobby Garland wà ní ìlà yìí. Níbí ni àwọ̀ líle ti ń lé ẹja sá. Tí oòrùn bá mú, ẹ tún dín ara rẹ̀ kù: íńṣì 1.5 dípò 2.

Omi tó ṣú díẹ̀: ara kan, ìrù chartreuse. Dúdú pẹ̀lú chartreuse, àwọ̀ aró pẹ̀lú chartreuse ní omi tó ṣì mọ́ díẹ̀, àwọ̀ ọsàn pẹ̀lú chartreuse ní ibi tó ti ń rú. Ohun tí ẹja ń wò ni ààlà tó wà láàárín àwọ̀ méjèèjì, nítorí náà aláwọ̀ méjì tó yàtọ̀ síra gidi dára ju aláwọ̀ mẹ́ta tó jọra lọ.

Omi rírú: àwọn adágún ńlá àríwá Mississippi, Grenada, Sardis, Arkabutla àti Enid, sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, kò sì dí wọn lọ́wọ́ láti ní ẹja ńlá. Ní Enid ni wọ́n ti mú crappie funfun tó tóbi jù nínú àkọsílẹ̀ àgbáyé ní 1957, pọ́ùn 5 àti áúnsì 3. Nínú irú omi yẹn, dúdú pẹ̀lú chartreuse, dúdú pẹ̀lú píǹkì, tàbí àwọ̀ ọsàn tó ń pọ́n. Dúdú máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹja ń wo òkè. Lójú rẹ̀, ohun dúdú lórí ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀ ló ń hàn jù. Ìdí kan náà ló mú dúdú àti àwọ̀ pọ́pù dára ní àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ìrọ̀lẹ́, kódà nínú omi tó tòrò.

Ẹ má fi àwọ̀ orí òjé ṣeré. Orí píǹkì tàbí àwọ̀ ọsàn lórí ara funfun lè yí ọjọ́ kan padà láì pààrọ̀ rọ́bà, ó sì rọrùn láti kó kiri ju ọ̀rá rọ́bà 30 lọ.

Bí ẹ bá ní ọ̀pá mẹ́jọ, ẹ fi àwọ̀ mẹ́rin sí i, méjì-méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, lórí ìwọ̀n òjé kan náà àti gígùn okùn kan náà. Tí ó bá jẹ́ apá kan nìkan ni àwọ̀ kan ti ń pa ẹja, ẹ fura sí jíjìn tàbí afẹ́fẹ́ kí ẹ tó yin àwọ̀. Tí ẹja mẹ́ta bá ti orí àwọ̀ kan wá, tó sì kan apá méjèèjì, ẹ pààrọ̀ ọ̀pá méjì míì sí i. Ẹ má pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, torí tí ìkùukùu bá bo oòrùn, àwọ̀ tí ẹ ti yọ lè di èyí tí wọ́n ń fẹ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn pààrọ̀ àwọ̀ àti ìwọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní mọ èwo ló ṣiṣẹ́. Okùn kan tún lè gbé jig méjì, 1/16 níwájú, 1/32 lẹ́yìn rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 3, àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Òfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí iye ọ̀pá àti iye ìwọ̀ tó wà lórí okùn kan yàtọ̀, ẹ ka ti adágún tí ẹ ń lọ kí ẹ tó to ọ̀pá.

Ìgbà tí ọkọ̀ bá ń yí ni àyẹ̀wò ọ̀fẹ́. Àwọn ọ̀pá tó wà níta ìyípo máa ń yára, jig wọn á gòkè. Ti inú ìyípo á falẹ̀, tiwọn á sọ̀. Bí ẹja bá ń jẹ ti inú nìkan, ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà, ẹ dín eré kù ní 0.1 tàbí 0.2. Bí ó bá jẹ́ ti ìta, ẹ fi kún un. Tí ẹ bá ń lọ lójú afẹ́fẹ́, ẹ má gba nọ́ńbà eré tí GPS ń fi hàn gbọ́ tán, ẹ máa wo igun tí okùn ń ta sínú omi, torí omi fúnra rẹ̀ ń rìn.

Ohun tó ń bàjẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti yàn án dáadáa kéré lójú. Rọ́bà tó wọ́ lórí ìwọ̀ máa ń mú jig yí, ẹ fi í gba àárín gbùngbùn, kí ẹ kán gúlù kan sọ́rùn òjé kó má bàa yọ́ sẹ́yìn. Lórí ọ̀pá aláǹtakùn, kókó okùn máa ń sún sẹ́yìn lójú ìwọ̀, jig á wá dorí kodò, ẹ máa tún un ṣe lẹ́yìn ẹja kọ̀ọ̀kan kó lè rọ̀ gbọọrọ bí ẹja tó ń lúwẹ̀ẹ́. Crappie Nibbles ti Berkley, ìjẹ wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń fi sí ṣóńṣó ìwọ̀, ń ṣiṣẹ́ lórí eré jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n lórí okùn gígùn ó máa ń já bọ́. Tí ọ̀pá bá tẹ̀, ẹ má já a gàù: ẹ gbé e, ẹ máa ká a láì dúró, kí ẹ fi àwọ̀n gbé ẹja náà.

Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lè ra orí òjé 1/16 ní àwọ̀ mẹ́ta, píǹkì, chartreuse àti èyí tí wọn kò kùn, ogún-ogún, àti mẹ́wàá 1/8. Rọ́bà ìrù àjẹ̀ ní funfun àti dúdú pẹ̀lú chartreuse, rọ́bà ìrù kíká ní àwọ̀ ọsàn pẹ̀lú chartreuse àti àwọ̀ èéfín oníwínníwínní, jig onírun mẹ́fà fún ìgbà òtútù. Kí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan wà lọ́tọ̀: dúdú máa ń ya àbàwọ́n sára funfun láàárín ọjọ́ díẹ̀, òróró inú rọ́bà sì máa ń yọ́ ọ̀dà orí òjé tí wọ́n bá jọ sùn nínú àpótí kan. Road Runner mẹ́rin lè tẹ̀ lé wọn tí òjò bá ti rọ̀ tí adágún sì ti rú.